Òwe iyì kì í ṣe owó oṣù: ohun tó ń mú ọwọ́ òṣìṣẹ́ yá ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan lágbègbè Ouando ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, mò ń dúró de aṣọ mi, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ránṣọ níbẹ̀ dìde lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá náà ló ti kọ́ṣẹ́, ó ti gbòmìnira, ó wá dúró tì í gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, owó mi ti di ti oṣù méjì." Ìyá náà kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa òwe tí gbogbo wa mọ̀: bí èèyàn bá ń wá owó lọ, tó bá pàdé iyì lọ́nà, kó yáa padà sílé, torí bó bá rí owó ọ̀hún tán, iyì náà ni yóò fi rà. Ó ní, "Ìwọ ti ní iyì lọ́dọ̀ mi ná. Ta ni kò mọ̀ ní Ouando pé ọmọ mi ni ọ́?" Ọmọbìnrin náà dìde, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá lórí ẹ̀rọ náà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ràn òwe yẹn, ilé ni wọ́n ti fi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá owó ló ni ín, onígbèsè kọ́. Nígbà tí ẹni tó jẹ owó bá pa á fún ẹni tó ń sin owó, ó ti sọ iyì di aṣọ tí wọ́n fi ń bo gbèsè. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ti ń dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé owó ni gbogbo ẹ̀, kí wọ́n ṣáà fi kún un, iṣẹ́ á dára. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀dọ́ òde òní kò níwà, pé bí a tilẹ̀ fún wọn ní góòlù, wọn kò ní ṣiṣẹ́. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni ojú tí òṣìṣẹ́ fi ń wo ara rẹ̀, àti bí owó tí wọ́n ń san fún un ṣe ń tún ojú náà ṣe tàbí tó ń bà á jẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba kéde pé owó oṣù tó kéré jùlọ, èyí tí a ń pè ní SMIG, yóò kúrò ní 40,000 CFA, yóò di 52,000. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kínní 2023 ló bẹ̀rẹ̀. Láti 2014 ni 40,000 yẹn ti wà lójú kan, nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní 31,625. Àfikún ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe nǹkan kékeré lórí ìwé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jùlọ èèyàn wa kò ṣiṣẹ́ níbi tí aṣojú ìjọba ti lè yọjú wo ìwé owó oṣù. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà, tàbí oko, tàbí ìdí àtẹ, tàbí orí ọ̀kadà tí a ń pè ní zẹ́mì. Ẹlòmíràn nínú wọn kò tíì fojú kan 52,000 lẹ́ẹ̀kan náà rí.

Síbẹ̀ iye náà ti dé etí wọn, ó sì ti ṣe nǹkan sí wọn lọ́kàn. Kí wọ́n tó kéde rẹ̀, ẹni tó ń gba 25,000 mọ̀ pé owó òun kò tó. Lẹ́yìn ìkéde, ó mọ̀ pé owó òun kò tó ìdajì ohun tí ìlú sọ pé ó kéré jù tí èèyàn lè gbà. Kò yàtọ̀ nínú àpò rẹ̀, ó yàtọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ a máa ka iye tí wọ́n ń san fún un bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Àwọn olùwádìí ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1989, Jon Pierce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé gbólóhùn mẹ́wàá kalẹ̀ láti fi mọ bí èèyàn ṣe ka ara rẹ̀ sí níbi iṣẹ́. Wọn kò bi í bóyá ó fẹ́ràn ara rẹ̀ tàbí bóyá inú rẹ̀ ń dùn. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju èyí lọ: ṣé wọ́n kà ọ́ sí níbí? Ṣé wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ sí ọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n fọkàn tán ọ? Ṣé wíwà rẹ níbẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá? Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ wù mí gidigidi, torí ó ya iyì ilé sọ́tọ̀ kúrò lára iyì ibi iṣẹ́. Ọkùnrin kan lè jẹ́ ọmọ agboolé ńlá ní Kétu, kó jókòó láàárín àgbà níbi ìpàdé ẹbí, kí wọ́n máa fi oríkì ìran rẹ̀ kí i láàárọ̀, kó sì dé ibi iṣẹ́ kó di "ìwọ tó wà níbẹ̀ yẹn". Orí kan náà ló gbé lọ, ṣùgbọ́n kò ní ìwọ̀n kan náà níbi méjèèjì. Bó bá sì ti ń pẹ́ níbi tí wọn kò ti kà á sí, kò ní pẹ́ tí òun náà kò fi ní ka iṣẹ́ ọ̀hún sí.

Ṣé lóòótọ́ ni ẹni tó mọyì ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ẹni tí kò mọyì ara rẹ̀ lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Timothy Judge àti Joyce Bono kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2001, wọ́n sì rí i pé ìmọyì ara ẹni àti iṣẹ́ tó dára ń rìn pọ̀ ní ìwọ̀n 0.26, níbi tí òdo ti jẹ́ pé wọn kò mọ ara wọn rí, tí 1 sì jẹ́ pé wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀. Kò ga, kò sì ṣeé fojú fò.

Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra ni ọ̀rọ̀ ta ló bí ta. Ìpínlẹ̀ California gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 1986 láti gbé ìmọyì ara ẹni ga láàárín àwọn ará ìlú, wọ́n gbà gbọ́ pé bí èèyàn bá ti lè fojú iyì wo ara rẹ̀, ìwà ọ̀daràn á dínkù, ìjákulẹ̀ nílé ìwé á dínkù. Nígbà tí Roy Baumeister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí wò ní 2003, ohun tí wọ́n rí kò ti ìrètí yẹn lẹ́yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ tó dára ló ń bí ìmọyì ara ẹni. Ẹ má ṣe pe ọmọ iṣẹ́ yín jọ kí ẹ máa sọ fún un pé ọlọ́gbọ́n ni, pé kò sí irú rẹ̀, kí ẹ rò pé ọ̀la ni yóò mọ̀ ọ́n gé. Ẹ jẹ́ kó gé aṣọ kan tó gún régé, kí oníbàárà wọ̀ ọ́ jáde, kí òun fojú ara rẹ̀ rí i. Ìyẹn ni yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gígé aṣọ yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ó jẹ́ ká rí i bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá kọ́ ìránṣọ níhìn-ín mọ̀ pé gbígbálẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó fi èédú lọ aṣọ, ó gán bọ́tìnnì, ó tú ibi tí ẹlòmíràn rán wọ́. Ọdún kan lè kọjá, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá wá gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, tó ní, "Gé aṣọ oníbàárà yìí," kò sí owó tó dà bí ọjọ́ yẹn. Aṣọ tí wọ́n rán wọ́ ṣeé tú. Èyí tí wọ́n gé wọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, owó ọ̀gá ló sì máa lọ sí i. Ohun tí ọ̀gá ń sọ láìlanu ni pé mo ti rí ọ, mo sì mọ ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe.

Ẹ wá wo ọ̀nà kejì. Ọ̀gá náà lè sọ pé, "Bí o bá gé e láìbà á jẹ́, màá fún ọ ní 500." Owó dé, àmọ́ kí ni ọmọ náà gbọ́? Ó lè gbọ́ pé ọ̀gá ń rò pé òun máa bà á jẹ́. Roland Bénabou àti Jean Tirole, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé èyí ní 2003: nígbà tí ọ̀gá mọ ohun kan nípa iṣẹ́ tàbí nípa òṣìṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ̀, owó ìmóríyá tó bá nawọ́ rẹ̀ jẹ́ àmì. Òṣìṣẹ́ á fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà le, tàbí bóyá ọ̀gá kò gbà á gbọ́. Owó lè mú un ṣe é lónìí, kó sì jẹ́ kó máa ṣiyèméjì nípa ara rẹ̀ lọ́la.

Edward Deci ti rí ohun tó jọ ọ́ ní 1971. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ègé kan tí wọ́n máa ń tò di oríṣiríṣi nǹkan, ó sì san dọ́là kan fún àwọn kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tò yanjú. Nígbà tó dáwọ́ owó dúró, tó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìfẹ́ àwọn tó ti gbowó sí eré náà ti lọ sílẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí gbè ara wọn lẹ́yìn: ẹ ò rí i, owó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Rárá o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn tí Deci lò, wọn kò fi dọ́là ọ̀hún ra gàrí, eré lásán sì ni iṣẹ́ tó gbé fún wọn. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí oúnjẹ alẹ́ ọmọ rẹ̀ yóò ti wá kò sí nínú ìwádìí yẹn.

Èyí tó sún mọ́ ayé wa jù lọ wá láti Lusaka, lórílẹ̀-èdè Zambia. Nava Ashraf, Oriana Bandiera àti Kelsey Jack gbé e jáde ní 2014. Àwọn onídìrí àti àwọn fágẹrunfágẹrun ni wọ́n ní kí wọ́n máa ta kọ́ńdọ̀mù obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù wọn, láti dènà àrùn éèdì. Wọn kò ṣèlérí nǹkan kan fún àwọn kan. Wọ́n fún àwọn kan ní èrè kékeré lórí ọjà, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní èrè tó pọ̀. Àwọn tó kù kò gba kọ́bọ̀. Pátákó ni wọ́n gbé kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọ́n ń lẹ ìràwọ̀ kan mọ́ fún gbogbo ọjà tí wọ́n bá tà, kí oníbàárà tó bá wọlé lè rí i. Àwọn oníràwọ̀ yìí ta ìlọ́po méjì ohun tí àwọn yòókù tà.

Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ lọ sí oko nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá ń ṣe àáró, kí ẹ gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń ki ẹnìkejì, kí ẹ wo bí ebè ṣe ń ga. Ní Kétu, Ẹ̀fẹ̀ tó jẹ́ akọrin a máa jáde lóru Gèlèdé, á fi orin dárúkọ ẹni tó ṣe dáadáa, á sì fi orin bá ẹni tó hùwà burúkú wí. UNESCO kéde Gèlèdé ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ohun ìní ìran ènìyàn, àmọ́ ó ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kéde rẹ̀ tí àwọn baba wa ti mọ̀ pé ojú àwùjọ ń mú èèyàn ṣe ohun tí owó kò lè mú un ṣe. Kò tilẹ̀ yẹ kí n lọ jìnnà: ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìsọ pé ẹ kú iṣẹ́. Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá ń sọ ọ́. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá wa ló ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn?

Ohun kan wà nínú ìwádìí Zambia tí àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kì í sọ. Àwọn onídìrí yẹn ní iṣẹ́ tiwọn. Irun ni wọ́n ń dì jẹun, ìràwọ̀ wá kún un. Iyì gun orí oúnjẹ, kò gba ipò oúnjẹ. Ìyá ọ̀gá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ń fi ìràwọ̀ san owó oṣù.

Ìyìn náà ní bó ṣe ń bàjẹ́. Eddie Brummelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2014 pé bí wọ́n bá yin ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọyì ara rẹ̀ kọjá ààlà lórí àwòrán tó yà, ńṣe ló ń sá fún èyí tó le lẹ́yìn náà. Ẹ̀rù ń bà á pé òun kò ní lè dé ibi tí wọ́n gbé òun sí mọ́. Oríkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni akéwì ń kì: ogun tí wọ́n jà, oko tí wọ́n dá, ẹni tí wọ́n bí. Bí ẹ bá fẹ́ yin òṣìṣẹ́, ẹ dárúkọ ohun tó ṣe. Bí ọ̀gá ṣe ń ṣe síni sì tún kan ẹni tí iyì rẹ̀ ti rẹlẹ̀ láti ilé ju bó ṣe kan ẹlòmíràn lọ. Olùwádìí Joel Brockner ti kọ ọ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìṣesí ọ̀gá máa ń yí padà jù, sí rere tàbí sí búburú. Ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú lè gbọ́ èébú níwájú oníbàárà kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn yóò gbé èébú yẹn sùn, yóò sì gbé e padà wá láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọ ilé ìwé. Láti 2019 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ń gba àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní "aspirants", ìyẹn àwọn tó ń wá ọ̀nà àtidi olùkọ́. Kíláàsì kan náà ni wọ́n ń wọ̀ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tó kù, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò kan náà. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti àkókò ilé ìwé nìkan, ó ń parí bí ọlidé bá ti dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ń ṣàròyé, owó ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń jíròrò rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún orúkọ yẹn kà. Ẹni tó ti dúró níwájú kíláàsì fún ọdún mélòó kan, tí àwọn òbí ń kí ní "tíṣà" lójú ọ̀nà, tí ìwé rẹ̀ ṣì ń sọ pé ó ń wá ọ̀nà àtidi olùkọ́! Orúkọ ń roni. Mi ò sọ pé ìjọba kò ní ìdí tirẹ̀. Ilé ìwé pọ̀, olùkọ́ kò tó, owó kò sì pọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, ó sì ń ná olùkọ́ ní nǹkan púpọ̀.

Ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, kajú ni mo fẹ́ kàn díẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 2024 ni ìjọba ti fòfin de títa kajú tútù sókè òkun, kí ilé iṣẹ́ lè máa bó o nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ obìnrin ni bíbó rẹ̀ pọ̀ jù, kílò ni wọ́n sì sábà fi ń sanwó rẹ̀. Owó kílò dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, ó ń rí ẹ̀rí ọwọ́ ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ òṣùwọ̀n. Bí obìnrin náà bá ń rí òṣùwọ̀n, tó sì mọ ìdí tí wọ́n fi yọ èyí tó fọ́ kúrò, ó gbà. Bí wọ́n bá gbé kajú náà wọ yàrá, tí wọ́n jáde wá sọ iye, owó kan náà ti di ìfura.

Ti àwọn ọlọ́kadà zẹ́mì rọrùn láti rí. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà onílé, tó ń jíhìn lálaalẹ́, àti ẹni tó ń san owó díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀kadà yóò fi di tirẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀rọ wọn láàárọ̀.

Ará ilé wa ní Tógò ló fi hàn pé ojú tí èèyàn fi ń wo ara rẹ̀ ṣeé kọ́. Ní Lomé, wọ́n kó àwọn oníṣòwò kéékèèké 1,500 jọ, wọ́n pín wọn sí mẹ́ta. Wọ́n kọ́ ìdámẹ́ta ní ìṣirò owó àti ìtọ́jú ìwé bó ṣe wà nínú ẹ̀kọ́ òwò. Wọ́n kọ́ ìdámẹ́ta mìíràn bí èèyàn ṣe ń dá nǹkan bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó wo iwájú, kó má sì jẹ́ kí ìdíwọ́ àkọ́kọ́ dá òun padà. Michael Frese, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wà lára àwọn tó ṣe é. Wọn kò kọ́ àwọn tó kù ní nǹkan kan. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ lé wọn fún ohun tó lé ní ọdún méjì: èrè àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan bẹ̀rẹ̀ fi ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ga. Ti àwọn tó kọ́ ìṣirò jẹ́ mọ́kànlá, èyí tí kò tó ohun tí àwọn olùwádìí lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ náà ló fà á. Ọ̀nà tó wà láàárín Lomé àti Àjàṣẹ́ kò tó ìrìn ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀, ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ jù ni bí èèyàn ṣe ń dúró de àṣẹ. Ọjọ́ òmìnira ni a ń da pàùdà sí i lórí, tí a ń yà á ní fọ́tò, tí a ń jó yí i ká, tí a wá ń retí kó di ọ̀gá ní wákàtí kan.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Ouando lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹlòmíràn ló wà nídìí ẹ̀rọ náà. Ìyá ọ̀gá ní ọmọ náà ya aláìmoore, pé gbogbo ohun tí òun ṣe fún un, kò rí i. Mo gbà pé ó dùn ún lóòótọ́. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Nígbà tó yá, mo pàdé ọmọbìnrin ọ̀hún lójú ọ̀nà Ìgòlò, ó gbé ìdì aṣọ kan lé itan lórí zẹ́mì. Mo bi í pé ṣé owó ibi tó wà báyìí pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń san án, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn kò sì tíì yẹ̀ ẹ́ rí. Ó wá fọwọ́ lu ìdì tó wà lórí itan rẹ̀, ó ní, "Aṣọ ìyàwó ni, èmi ni mo gé e."